Kí la lè lò dípò omi sóbò fún èéfín imí ọjọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ JSS 3 ní Òṣogbo níbí gbọ́dọ̀ fi ojú ara wọn rí i pé ohun tí mẹ́táàlì jó kù sábà máa ń sọ omi di álíkálì, tí imí ọjọ́, tí kì í ṣe mẹ́táàlì, sì ń sọ ọ́ di ásíìdì. Omi sóbò la fi ń dán an wò, torí álíkálì máa ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ásíìdì sì yẹ kó mú un pupa sí i.

Ti àkọ́kọ́ rọrùn. Eérú igi ní pọ̀táṣíọ̀mù àti kálísíọ̀mù nínú, mẹ́táàlì sì ni àwọn méjèèjì. Àwọn aláró ìlú wa ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́. Ife eérú kan, ife omi mẹ́ta, ó sùn mọ́jú, a fi aṣọ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Omi sóbò, ìyẹn ìṣápá pupa gbígbẹ gíráàmù 10 tí a fi omi gbígbóná mìlílítà 100 rẹ, yóò di aláwọ̀ ewé nínú rẹ̀. Bí omi eérú kò bá mọ́, àwọ̀ ilẹ̀ ni ẹ ó rí.

Imí ọjọ́ ló ń fa wàhálà. Èyí tó tó hóró ẹ̀wà kan, a jó o lórí ṣíbí irin níta, a gba èéfín rẹ̀ sínú ìgò tó ní omi díẹ̀, a dé e, a mì í, a wá da sóbò sí i. Àmọ́ dípò kí sóbò pupa sí i, ńṣe ló ń ṣá, torí èéfín náà máa ń bó àwọ̀ òdòdó. Àwọn ọmọ á wá rò pé kì í ṣe ásíìdì, ìyẹn sì burú gan-an.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti lo bébà tí a fi ata ilẹ̀ pupa (tọ́mẹ́rìkì) kùn, tí a kọ́kọ́ rì bọ omi eérú kó lè pọ́n, kí ásíìdì tó dá a padà sí yẹ́lò? Àbí èéfín á bó òun náà? Báwo lẹ sì ṣe ń dáàbò bo ọmọ tó ní ikọ́ fée lọ́wọ́ èéfín yìí?