Mọ́nítọ̀ kan, kọ̀ǹpútà méjì: kí ló dé tí súwíìṣì KVM mi ń da iṣẹ́ mi rú?

Akọ̀wé Inú Ilé béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí, mo kí yín o. Inú ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú Ìbàdàn, tábìlì mi kò sì gbà ju mọ́nítọ̀ kan, kíbọ́ọ̀dù kan àti máòsì kan lọ. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀kan ni èyí tó dúró sílẹ̀, tí mo ra àwọn ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bá mi tò ó pọ̀. Èkejì ni lápútọ́ọ̀pù tí ilé iṣẹ́ fún mi, tí wọ́n ti tì pa débi pé n kò lè fi ohunkóhun sórí rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń yọ wáyà HDMI lára ọ̀kan kí n tó kì í bọ èkejì, títí ihò HDMI lápútọ́ọ̀pù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí eyín ọmọdé. Ìyẹn ló mú kí n ra súwíìṣì KVM kékeré, ẹlẹ́nu méjì, pé bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀, mọ́nítọ̀, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì yóò jọ kó lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà kejì.

Wọ́n ń kó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ń yọ mí lẹ́nu. Ìgbàkígbà tí mo bá fi lápútọ́ọ̀pù sílẹ̀ lọ sórí èkejì, gbogbo ohun tí mo ṣí sórí mọ́nítọ̀ ni yóò ya bo ojú kékeré lápútọ́ọ̀pù náà, tí n óò tún máa fà wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo bá dé. Bí mo bá sì tan kọ̀ǹpútà tó dúró sílẹ̀ nígbà tí súwíìṣì kọjú sí lápútọ́ọ̀pù, ìwọ̀n 1024 × 768 ni n óò bá lójú rẹ̀, gbogbo lẹ́tà á tóbi gbàgẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ 1920 × 1080 ni mọ́nítọ̀ mi. Ẹ̀kẹta, bí mo bá fẹ́ wọ BIOS, ìyẹn ojú ewé ètò ìpìlẹ̀ tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣí kí Windows tó jí, n óò tẹ Delete títí, kò ní gbọ́.

Ǹjẹ́ súwíìṣì yìí ti bàjẹ́ ni, kí n dá a padà fún ẹni tó tà á? Àbí sọ́fítíwíà kan wà tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí láìsí àpótí rárá? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: nígbà mìíràn, bí ọwọ́ mi bá kan irin ara kọ̀ǹpútà tó dúró sílẹ̀, iná á rọra gbé mi. N kò mọ̀ bóyá ó kan ọ̀rọ̀ yìí.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Súwíìṣì yín kò bàjẹ́. Ohun tí wọn kò fi sínú rẹ̀ ló ń fìyà jẹ yín.

Gbogbo mọ́nítọ̀ ló ní ìwé ìdánimọ̀ kékeré kan nínú, tí ó sọ ẹni tó ṣe é àti ìwọ̀n àwòrán tó lè gbé jáde. EDID ni orúkọ rẹ̀. VESA, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà fún mọ́nítọ̀, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1994, ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ kò sì ju báìtì 128 lọ. Bí ẹ bá wo ẹnu wáyà HDMI dáadáa, irin tẹ́ẹ́rẹ́ 19 ló tò sínú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ìkọkàndínlógún ló ń kágò, òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé mọ́nítọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, nígbà náà ni kọ̀ǹpútà yóò gba inú ìkẹẹ̀ẹ́dógún àti ìkẹrìndínlógún ka ìwé ìdánimọ̀ yẹn. Súwíìṣì olówó pọ́ọ́kú máa ń já gbogbo irin wọ̀nyí kúrò lára kọ̀ǹpútà tí ẹ bá fi sílẹ̀. Lójú lápútọ́ọ̀pù yín, kò yàtọ̀ sí pé ẹ fa wáyà yọ bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń kó gbogbo ẹrù rẹ̀ padà sójú ara rẹ̀. Èyí tó dúró sílẹ̀ ní tirẹ̀ jí, ó retí àgò, kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, ó wá mú ìwọ̀n tí ó dá a lójú pé mọ́nítọ̀ èyíkéyìí yóò lè gbà.

Súwíìṣì tó dára ju èyí lọ máa ń da ìwé ìdánimọ̀ náà kọ, á sì máa fi han kọ̀ǹpútà méjèèjì tọ̀sán-tòru, yálà ojú yín wà lára rẹ̀ tàbí kò sí. EDID emulation ni wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀. Ẹ má gba páálí gbọ́ lásán o. Ẹ gbé lápútọ́ọ̀pù yín dání lọ sí ìsọ̀, kí wọ́n so ó mọ́ ọn níṣojú yín, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì náà lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, kí ẹ tó sanwó.

Ti BIOS, ẹ yí ẹ̀yìn súwíìṣì náà wò. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ihò USB tí wọ́n ya àwòrán kíbọ́ọ̀dù sí kì í ṣe ihò gidi: súwíìṣì ló ń gbọ́ ohun tí ẹ tẹ̀, tí ó sì ń tún un sọ fún kọ̀ǹpútà, àwọn BIOS kan kì í sì í gbọ́ ohùn agbọ̀rọ̀sọ náà. Bí ihò USB mìíràn bá wà tí kò ní àwòrán, ẹ kì kíbọ́ọ̀dù bọ ibẹ̀, kí ẹ sì yí súwíìṣì kọjú sí kọ̀ǹpútà náà kí ẹ tó tàn án. Ohun tí ẹ óò pàdánù ni títẹ Scroll Lock lẹ́ẹ̀mejì láti fi yí i, bọ́tìnnì orí àpótí nìkan ni yóò kù.

Ọmọ Linux fèsì pé:

Ẹ ṣé, bọ̀dá Atúnkọ̀ǹpútàṣe. Mo fẹ́ fi kún un pé EDID emulation ní wàhálà tirẹ̀, mo sì ti jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí lápútọ́ọ̀pù bá gbà pé mọ́nítọ̀ ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí kò sí, ohun tí ẹ bá ṣí lè lọ bẹ́ sórí ojú tí ẹ kò rí, máòsì yín náà á sì rìn wọ ibẹ̀ lọ. Bí ẹ bá máa ń ṣí ojú lápútọ́ọ̀pù sílẹ̀ láti fi ṣiṣẹ́, ẹ rò ó dáadáa.

Ní ti sọ́fítíwíà, ó wà. Input Leap àti Deskflow ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, Windows àti Mac. Microsoft ní Mouse Without Borders, tó wà nínú PowerToys, àkójọ irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ wọn fún Windows, láti 2023, tó sì ń so kọ̀ǹpútà mẹ́rin pọ̀. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù àti máòsì nìkan ni wọ́n ń pín, wọn kì í pín mọ́nítọ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ojú tirẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí Wáífáì tàbí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ óò sì fi í sórí méjèèjì. Ilé iṣẹ́ yín ti ti ìlẹ̀kùn yẹn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣí i, kò sí èyí tó lè bá yín dé BIOS, nítorí kò tíì sí sọ́fítíwíà kankan tó jí ní àkókò yẹn.

Bí Windows 11 bá wà lórí lápútọ́ọ̀pù náà, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Display, kí ẹ ṣí Multiple displays. Àpótí kan wà níbẹ̀ tó ní kí Windows rántí ibi tí ohun gbogbo wà fún mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ máàkì í. Kò ní dá wọn dúró láti kó lọ, ṣùgbọ́n wọn yóò fúnra wọn padà sáyè wọn.

Àǹtí Oníwáyà fèsì pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi yín: ihò mélòó ló wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀ yẹn? Bí ó bá jẹ́ méjì, kí lẹ fẹ́ fi àpótí tó ń já àwòrán ṣe? Ẹ ki wáyà kọ̀ǹpútà kan bọ ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ lo bọ́tìnnì mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ láti yí àwòrán, kí ẹ wá ra súwíìṣì USB lásán fún kíbọ́ọ̀dù àti máòsì. Bọ́tìnnì méjì ni ẹ óò máa tẹ̀ dípò ọ̀kan, mo gbà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré, ó sì ṣòro kó bàjẹ́. Àwọn mọ́nítọ̀ kan máa ń dáhùn lórí ihò tí ẹ kò wò, àwọn mìíràn kì í dáhùn, nítorí náà ẹ dán tiyín wò kí ẹ tó náwó. Bí ẹ bá sì ń lo súwíìṣì USB yẹn, ẹ má ki fíláàṣì bọ̀ ọ́ láé, nítorí gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni ó dà bíi pé ẹ fa fíláàṣì náà yọ láìdágbére, bí ẹ bá sì ń kọ nǹkan sí i lọ́wọ́, ó lè bà á jẹ́.

Iná tó ń gbé yín ni ó kàn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ sì fi sí ìparí bí ẹni sọ ọ́ fún àwàdà. Nínú àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, àwọn kapásítọ̀ kéékèèké kan wà tó ń darí ariwo iná sára irin kọ̀ǹpútà, kí ó lè gba wáyà tí àwọn oníná ń pè ní earth wọlẹ̀. Bí wáyà yẹn kò bá sí nínú ilé, tàbí bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ oníhò méjì, tí kò ní àyè fún earth, gbé e, iná náà kò rọ́nà lọ, bíi ìdajì 230 fóòtì á máa dúró lára irin náà. Agbára rẹ̀ kéré, òun ló fi jẹ́ pé ó kàn ń ta yín lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n irin tó bo ẹnu HDMI àti USB ti so ara kọ̀ǹpútà méjèèjì pọ̀ nípasẹ̀ súwíìṣì, tí ẹ bá sì ń ki wáyà bọ̀ ọ́ nígbà tí iná wà, ihò HDMI lápútọ́ọ̀pù ilé iṣẹ́ lè jóná. Ẹ jẹ́ kí oníná tó mọṣẹ́ wá yẹ earth ilé wò. Kí ó tó dé, ẹ yọ méjèèjì kúrò lára ògiri pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan.

Akọ̀wé Inú Ilé padà wá:

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ̀yin tó kù náà, ẹ ṣeun gan-an. Oníná wá láàárọ̀ Sátidé, ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, ó sì fi hàn mí: wáyà earth, aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, wà nínú ògiri, wọ́n ká a wálẹ̀ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, wọn kò dè é mọ́ ohunkóhun. Ó dè é, ó lọ yẹ irin tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé wò, ó ní ó dára, ó sì ní kí n sọ ẹ̀rọ oníhò méjì mi nù. Láti ìgbà náà, iná kò gbé mi mọ́.

Mọ́nítọ̀ mi ní HDMI kan àti VGA kan, ihò àwòrán ayé àtijọ́. Mo fi kọ̀ǹpútà tó dúró sílẹ̀ sórí VGA, torí ó ní ihò rẹ̀, lápútọ́ọ̀pù sì wà lórí HDMI. Ti èmi máa ń dáhùn lórí ihò tí n kò wò, nítorí náà kò sí ohun tó ń kó kúrò láyè rẹ̀ mọ́. Súwíìṣì KVM yẹn náà kò tíì di pàǹtí: mo yọ wáyà HDMI kúrò lára rẹ̀, USB rẹ̀ nìkan ni mo ń lò, kíbọ́ọ̀dù sì wà nínú ihò tí kò ní àwòrán. Delete ti ń wọ BIOS. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé lẹ́tà ti VGA kò mọ́ tó ti HDMI, ó dà bíi pé etí wọn ṣókùnkùn díẹ̀.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe fèsì pé:

VGA kì í fi nọ́ńbà ránṣẹ́ bíi HDMI, ìgbì iná ni ó ń fi ránṣẹ́, mọ́nítọ̀ ló sì ń fojú díwọ̀n ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí nǹkan aláwọ̀ funfun tó kún fún lẹ́tà sójú rẹ̀, kí ẹ wá tẹ Auto Adjust lára mọ́nítọ̀ náà. Bí kò bá tíì mọ́, ẹ wá wáyà VGA tó kúrú, tó sì nípọn.