Àbùjá ni, kì í ṣe ìgékúrò: lórí orúkọ iṣẹ́ abẹ ìdín-sísanra-kù

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo ka àbá tí ẹnì kan nínú wa mú wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí a máa pe gbogbo iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí ó sanra jù ní "gígé ikùn", kí a sì pe ìyọnu tí ó máa ń bá irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá jẹ tàbí mu ohun dídùn ní "àìsàn ìdàsínú". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà, nítorí ó pẹ́ tí a ti ń yẹra fún ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, n kò lè fọwọ́ sí èyíkéyìí nínú orúkọ méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo sì ń túmọ̀ fún wọn. Mo sọ fún wọn pé wọ́n fẹ́ gé ikùn wọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, níbo ni wọ́n gbé àpòlúkù mi sí?" Inú wọn ló wà, kò kúrò níbẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ tí mo lò ni ó gbé e jáde. Wọ́n tún gbà pé bí ojú abẹ ti jinná, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, wọ́n sì ti pa fítámì tí ó yẹ kí wọ́n máa lò títí ayé tì. Ẹ̀bi ìtumọ̀ mi ni, ó sì ń dùn mí títí di òní.

"Ikùn" fúnra rẹ̀ kò ṣe déédéé níbí. Bí a bá ní ẹnì kan yọ ikùn, kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa lọ sí àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí. Ẹni tí ó bá gbọ́ "gígé ikùn" yóò rò pé ọ̀rá ìta ni wọ́n gé dànù. Àpòlúkù ni orúkọ tí a jogún fún àpò inú yẹn, kò sì sí ìdí tí a kò fi ní lò ó.

Ní ti "gé", ó bá ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ abẹ náà mu dáadáa. Nínú irú èyí, wọ́n máa ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò pátápátá, èyí tó kù yóò wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sì ṣeé dá padà. Apá tí wọ́n gé ni èyí tó pọ̀ jù nínú ghrelin ti ń wá, ohun tí ara fi ń pe ebi, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan ṣàwárí rẹ̀ ní 1999. Apá ẹ̀wù (sleeve) ni Gẹ̀ẹ́sì fi pe iṣẹ́ abẹ yìí, ṣùgbọ́n apá ẹ̀wù kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀. "Ìgé-àpòlúkù" tó fún un.

Èkejì, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni "gé" ń ṣì wá lọ́nà lórí rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ yóò pín àpòlúkù sí méjì. Àpò kékeré kan, tí kò gbà ju nǹkan bíi mílílítà 30 lọ, yóò wà ní ìdí ọ̀nà ọ̀fun. Èyí tó tóbi yóò wà níbi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, yóò sì máa ṣe omi rẹ̀ lọ, àmọ́ oúnjẹ kò ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò gé ìfun kékeré sí méjì níbi tí kò jìnnà sí orí rẹ̀, yóò fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ gòkè láti so ó mọ́ àpò kékeré náà, yóò sì so èyí òkè, tí òróòro àti àwọn omi mìíràn tí ń mú oúnjẹ dà ń gbà bọ̀, mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìfun náà nísàlẹ̀. Oúnjẹ ń gba ọ̀nà kan bọ̀, omi tí yóò dà á ń gba ọ̀nà kejì, wọ́n á pàdé, wọ́n á sì jọ máa lọ. Lẹ́tà Y àti orúkọ César Roux, oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Switzerland, ni àwọn òyìnbó fi pe ìsopọ̀ yìí. Oríta ni àwa ń pe irú ibẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe dábàá "àbùjá ìfun". Nígbà tí Edward Mason àti Chikashi Ito kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí nítorí sísanra ní Yunifásítì Iowa ní 1966, kò tíì ní oríta. Wọ́n ká ìfun láìgé e sí méjì, wọ́n sì so ibi tí ó ká mọ́ àpò náà. Ẹ jẹ́ kí "àbùjá" jẹ́ orúkọ gbogbo wọn, kí "àbùjá olóríta" sì jẹ́ ti èyí tí mo ṣàlàyé. Mo ti yẹ "ẹ̀bùrú" wò, mo sì fi í sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ohun ìkọ̀kọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnì kan lè fèsì pé kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ, pé orúkọ yìí yóò jẹ́ kí aráyé máa wo aláìsàn bí ọ̀lẹ tí ó wá ọ̀nà ìrọ̀rùn. Ìbẹ̀rù yẹn kò ṣàìnídìí, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ó gba àbùjá, kì í ṣe ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ pé oúnjẹ òun ń gba àbùjá yóò béèrè ohun tí ó wà lójú ọ̀nà tí kò gbà mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ó béèrè gan-an nìyẹn. Orí ìfun kékeré ni ara ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú èròjà irin inú oúnjẹ, àti púpọ̀ nínú káṣíọ̀mù rẹ̀. Omi inú àpòlúkù ló sì ń ran fítámì B12 lọ́wọ́ kí ara tó lè gbà á. Oúnjẹ ti ya ibẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní padà gba ibẹ̀ nítorí pé ojú abẹ jinná.

Ó wá ku "ìdàsínú". "Dà" ni a fi ń da omi, "dà" náà ni a fi ń sọ pé oúnjẹ dà nínú ẹni, ohùn wọn kò sì yàtọ̀. Ìyọnu tí a ń wí yìí, ara oúnjẹ tí kò tíì dà ló ti bẹ̀rẹ̀: aláìsàn mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ẹ̀kọ tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀, ṣúgà náà rọ́ wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fa omi ara wọ inú ìfun. Kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, àyà á máa lù kìkì, òógùn á bò ó, òòyì á kọ́ ọ, inú á sì máa ṣí. Ti ẹlòmíràn á dé lẹ́yìn wákàtí kan sí mẹ́ta, nígbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá já wálẹ̀. Bí a bá pe èyí ní "ìdàsínú", ẹni tí kò mọ̀ yóò gbọ́ ọ pé oúnjẹ ti dà sínú òun, yóò sì rò pé ire ni. Mo gbìyànjú "ìyawọ̀fun", ṣùgbọ́n "ya" yóò mú kí aláìsàn rò pé ìfun òun ti fàya. "Ìrọ́wọ̀fun" ni mo fara mọ́, torí a mọ bí èrò ṣe ń rọ́ wọ ẹnu ọ̀nà tó há.

Ohun kan ṣì kù tí n kò rí orúkọ fún: àpòlúkù ńlá tí oúnjẹ kò dé mọ́, síbẹ̀ tí ó wà láàyè, tí ó ń ṣe omi rẹ̀. "Àkùsílẹ̀" jọ ohun tí kò wúlò mọ́, òun kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará wa ní Kétu àti Sákétè ní ilẹ̀ Benin, ọ̀rọ̀ wo ni ẹ̀ ń lò fún àpòlúkù fúnra rẹ̀, ǹjẹ́ ẹ sì ní èyí tí ó lè ya ti ńlá yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àpò kékeré náà?