Haúsá ti yọ̀ mọ́ ọmọ yìí lẹ́nu, Gẹ̀ẹ́sì kò tíì wọ̀ ọ́ lára: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè, Kubwa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ tí a jọ wà níbí. Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn lé lórí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, Ṣakí ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ọdún Iléyá láti parí ilé ẹ̀kọ́ girama níbí. JSS3 ló wà báyìí. Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, ìṣirò kò sì ni ín lára rárá. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé láàárín ìwọ̀nba oṣù tó fi ń jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ó ti ń bá àwọn oníbàárà ná ọjà ní Haúsá, ó ń bá wọn ṣàwàdà, ó sì ń ka owó fún wọn lédè wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń kọ́ ọ láti kékeré, bí olùkọ́ bá ní kó dìde ka ìpínrọ̀ kan, ohùn rẹ̀ yóò wálẹ̀, yóò máa fà á lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, bó bá sì kà á tán, kò ní lè sọ ohun tí ìpínrọ̀ náà dá lé.

Mo ti ra ìwé gírámà fún un, ó sì ti há àwọn òfin inú rẹ̀ sórí. Bó bá wá di pé kó kọ àròkọ, ìlà mẹ́rin ni, ó ti tán nìyẹn. Ẹnìkan ládùúgbò gbà mí níyànjú pé kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ Yorùbá sí i mọ́ nínú ilé, ṣùgbọ́n ọkọ mi kò fara mọ́ ọn. Kí ni mo lè ṣe kí Gẹ̀ẹ́sì lè wọ̀ ọ́ lára bí Haúsá ṣe wọ̀ ọ́ lára? Ṣé tíṣà lẹ́sìn ni kí n gbà ni, àbí ìwé kan wà tó yẹ kó máa kà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìmọ̀ràn yín dù mí.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Gwagwalada

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, àǹtí wa. Apá kan ìdáhùn ti wà nínú ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ. Haúsá wọ ọmọ yìí lára nítorí pé ó ní ohun tó ń fi í ṣe. Oníbàárà dúró níwájú rẹ̀, ọjà wà láàárín wọn, bí ọ̀rọ̀ kan kò bá sì yé e, ojú àti ọwọ́ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ yóò ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ń padà wá sí etí rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó ń fún un ní máàkì. Inú kíláàsì nìkan ló ti ń pàdé Gẹ̀ẹ́sì, níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ tó lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a kì í sì í fún un ní ohunkóhun láti fi èdè náà ṣe ju kó dáhùn ìbéèrè lọ.

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí ìwé kíkà, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Bí ọmọ bá ń fa ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti le jù fún un. Ìwádìí tí Hu àti Nation tẹ̀ jáde ní ọdún 2000 fi hàn pé kí ìtàn kan tó lè yé ẹni tó ń kọ́ èdè dáadáa láìsí olùrànlọ́wọ́, ó yẹ kó ti mọ nǹkan bí 98 nínú gbogbo 100 ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Bí ojú ewé kan bá ní 200 ọ̀rọ̀, mẹ́rin péré ló yẹ kó ṣàjèjì sí i. Ẹ lè yẹ ìwé wò báyìí: ẹ ṣí i sí àárín, kí ọmọ ka ojú ewé kan, kó máa ká ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò mọ̀. Bí ìka ọwọ́ kan bá tán kí ojú ewé náà tó tán, ẹ gbé ìwé yẹn tì ná. Kò sí ìtìjú kankan nínú kí ọmọ JSS3 máa ka ìwé ìtàn tí wọ́n kọ fún àwọn ọmọ Praimari 4. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Kí ó kà á lọ́pọ̀lọpọ̀, kí ó sì jẹ́ ohun tó wù ú. Ní erékùṣù Fíjì, àwọn olùwádìí méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Elley àti Mangubhai kó nǹkan bí 250 ìwé ìtàn lọ sínú àwọn kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìgbèríko, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ti í ṣe èdè ilé àwọn ọmọ. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1983 ni pé ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ wọ̀nyí nínú ìwé kíkà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ìtàn ni wọ́n kó fún wọn, kì í ṣe òfin gírámà.

Bàbá kan, Kàdúná

Mo kí olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé ìdánwò ń bọ̀. Ẹni tí kò bá ní krédíìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì ní WAEC tàbí NECO yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ni yóò tì mọ́ ọn. Nínú ìdánwò JAMB, 60 ni ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ti àwọn iṣẹ́ yòókù jẹ́ 40, kò sì sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ìbáà ṣe òfin ló fẹ́ lọ kọ́ tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìtàn kíkà dára, àmọ́ ọmọ tí kò bá mọ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ di gbólóhùn yóò kàn máa kọ ìkọkúkọ ni. Ní ti Yorùbá nínú ilé, ẹ wo ìjọba àpapọ̀ fúnra wọn: wọ́n fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022, ní ọdún 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ìdí.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Gwagwalada

Ẹ ṣeun, bàbá wa. N kò ní kí wọ́n ju ìwé gírámà nù. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin máa ń nítumọ̀ fún ọmọ tó ti pàdé ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbólóhùn tí òfin náà ń ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ní ti Yorùbá, ẹ jọ̀wọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bá ilé jẹ́ nítorí èdè. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Ọmọ tó lè ṣàlàyé ohun tó kà ní Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń lóye ìwé. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kù tí kò tíì ní. Ọkọ yín ló jàre, àǹtí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì, Zaria

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin òbí mi. Ọ̀fà ni mo ti wá sí ìhà ibí yìí, ohun tó ń ṣe ọmọ yín ṣe mí. Ní Yorùbá, bí a bá ti mọ álífábẹ́ẹ̀tì àti àmì ohùn, ohun tí a bá rí náà ni a ó pè. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kì í dúró lójú kan: ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pe though, through àti cough, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà mẹ́rin kan náà ló parí gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń fi ojú nìkan kà á yóò máa pè é ní ìpèkúpè nínú ọkàn rẹ̀, nígbà tó bá sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun ti kà ni. Nítorí náà, kí etí àti ojú jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìròyìn aago méje àárọ̀ lórí Radio Nigeria wúlò gan-an, wọn kì í sáré ka ìròyìn, ohun tí wọ́n sọ láàárọ̀ ni ọmọ náà yóò sì bá nínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ kan náà tàbí lọ́jọ́ kejì.

Ìròyìn bọ́ọ̀lù ló gbà mí. Ilé onígẹ̀rí kan ní Samaru máa ń ní ìwé ìròyìn eré ìdárayá, ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí. Nítorí pé mo ti wo eré náà, mo ti mọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé àti ẹni tí wọ́n lé jáde, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí n kò mọ̀ máa ń fi ara rẹ̀ hàn mí. Ẹ bi ọmọ náà léèrè ohun tó fẹ́ràn, kí ìwé tó máa kọ́kọ́ kà dá lé e.

Ìyá oníkẹ́míìsì, Nyanya

Ẹ má wá ọ̀nà jìnnà, ìyá. Ṣọ́ọ̀bù tó kọ́ ọ ní Haúsá lè kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ tèmi, bí páálí ọjà bá wọlé, ọmọbìnrin mi ló ń kà á. Yóò ka orúkọ oògùn, yóò ka iye ìgbà tí wọ́n ní kí a lò ó lóòjọ́, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò parí àti ibi tó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ sí, lẹ́yìn náà yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní Yorùbá kí n tó gbé e sórí pẹpẹ. Bí kò bá yé e, kò lè ṣàlàyé rẹ̀, àwa méjèèjì yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Òun náà ló ń kọ àkọsílẹ̀ ohun tó ti tán, òun ló sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí a ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣì kọ kò ní jẹ́ kí ọjà tí a fẹ́ dé, ìdí nìyẹn tó fi máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi ránṣẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí Pijin dẹ́rù bà yín. Kò sí bí ọmọ yóò ṣe gbé Àbújá tí kò ní sọ ọ́. Kí ó ṣáà mọ ibi tí a ti ń sọ ọ́ àti ibi tí a kì í ti í kọ ọ́.

Olùbéèrè, Kubwa

Ẹ kú àdúrótì o, gbogbo yín. Mo gbé agolo kọ́sítáàdì fún un lálẹ́ àná, mo ní kó ka bí wọ́n ṣe ní kí a pò ó, kó sì pò ó fún wa láìbi mí léèrè. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó padà lọ wọn omi tútù kó tó gbé ti gbígbóná kaná, ohun tó sì gbé wá fún wa kò ní kókó rárá. Mo ṣì ní ìbéèrè kan. Nígbà tó bá ń kàwé sókè fún mi, tó sì ṣi ọ̀rọ̀ pè, ṣé kí n máa dá a dúró ni?

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Gwagwalada

Ẹ jẹ́ kó parí ìpínrọ̀ náà ná. Bí ẹ bá ń dá a dúró ní gbogbo ìgbà, ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni yóò máa ṣọ́, ìtàn yóò sì sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá parí, ẹ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, kó sọ ọ́ ní Yorùbá bó bá wù ú, lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin ka gbólóhùn tó ti ṣì í padà fún un bó ṣe yẹ, láìsọ pé ó ṣì í. Ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tó lọ́jú nìkan ni kí ẹ mú lójoojúmọ́. Kí ó sì ní ìwé kékeré tí yóò máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù sí, ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí ẹnikẹ́ni kò ní fi bírò pupa kàn. Tíṣà lẹ́sìn lè dúró títí di sáà tó ń bọ̀. Nígbà náà ni yóò ní ohun tí tíṣà yóò bá a tún ṣe.

Bàbá kan, Kàdúná

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì gba ti kọ́sítáàdì yẹn. Mo ṣì dúró lórí pé kí ó máa ṣe iṣẹ́ gírámà lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà kọjá ìwé ìtàn wọn, ó kún páálí kan nínú ilé. Àbúrò mi ń bọ̀ ní Àbújá pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ náà sì máa ń dúró ní Kubwa. Bí ọmọ náà bá lè wá pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀, yóò gbé e lé e lọ́wọ́.

Olùbéèrè, Kubwa

Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Ọlọ́run yóò bá wa tọ́ gbogbo wọn. Ẹ fi aago tí wọ́n ń gbéra ní Rigasa, ibùdókọ̀ ojú irin Kàdúná, ránṣẹ́ sí mi, èmi àti òun ni a jọ máa wá.