Ibi tí ìbéèrè mi lórí Serengeti àti àsìkò òjò já sí

Ẹ kú ìdúró o. Mo bi yín níjọ́sí bóyá kí èmi àti ìyàwó mi lọ wo ẹranko ní Tànsáníà lóṣù kẹrin, torí owó ilé ìtura máa ń wálẹ̀ nígbà náà, àbí ká lọ kí òjò ńlá tó dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oṣù kejì ló dáa, ẹ ṣeun gan-an. A ti lọ, a ti dé, ìbéèrè mi sì ti yanjú.

Ndutu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gúúsù Serengeti, ọgbà ẹranko ńlá ti Tànsáníà, la dé sí. Àsìkò tí àwọn wildebeest, ẹranko oníwo tó jọ màlúù, ń bímọ la bá níbẹ̀. Ojú mi ló ṣe: ọmọ tí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí dìde, ó ṣubú, ó tún dìde, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, kò pẹ́ ló ti ń sá tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Ìkookò kan wà lọ́ọ̀ọ́kán tó ń ṣọ́ wọn. Àyà mi já!

Òjò rọ̀ díẹ̀, ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ sì di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ táyà. Láti àárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni òjò máa ń le jù, àwọn àgọ́ mìíràn a tiẹ̀ tì pa. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí àwọn wildebeest ṣe ń la odò Mara kọjá, oṣù keje sí ìkẹwàá ni kó fojú sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ dání. Wọ́n béèrè tiwa ní pápákọ̀ òfurufú.