Kẹ̀kẹ́ ní New Forest: ọ̀nà wo, táyà wo?

Ẹ kú ilé o. Láti Brockenhurst, abúlé kan ní New Forest (igbó ńlá ní gúúsù England), ọ̀nà wo ló dáa fún kẹ̀kẹ́? Afẹ́fẹ́ mélòó ni táyà tó fẹ̀ tó 40mm, tí kò ní túùbù, ń fẹ́?

– Ẹ forí lé Rhinefield, kí ẹ gba inú igbó dé Bolderwood. Òpó onínọ́ńbà wà ní oríta. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sórí ìwé. Ẹ má ya wọ pápá o, òfin kọ̀ ọ́.

– Fún ẹni kílò 75: 32 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) níwájú, 35 lẹ́yìn. Tó bá le jù, kẹ̀kẹ́ á máa ta. Tó bá rọ̀ jù, òkúta á gbá ríìmù. Oje adíhò, èyí tí a ń dà sínú táyà kó lè dí ihò: 60ml fún táyà kan. Òkúta ibẹ̀ mú bí abẹ, ẹ mú túùbù kan dání: ihò tó bá ya gbàràgàdà, oje kò lè dí i.

– Ẹ má sún mọ́ ìdí ẹṣin. Wọ́n ń tapá!