Láptọ́ọ̀pù mi ń lọ́ra: SSD (dísìkì ìgbàlódé tí kò ní ohun tó ń yí nínú) ni kí n kọ́kọ́ rà ni, àbí RAM (mẹ́mọ́rì tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́)?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Under G, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé. Láptọ́ọ̀pù mi ti sú mi. Bí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà, kí n jẹ ẹ́ tán, kó má tíì ṣetán. Lánàá, ọmọ kan dúró dúró, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n wá ibòmíì lọ."

RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, háàdì dísìkì rẹ̀ jẹ́ 500GB, irú àtijọ́ tó máa ń yí nínú. Mo ti pa àwọn fáìlì temp (ti ìgbà díẹ̀) rẹ́, mo ti da Recycle Bin nù, mo sì ti dá àwọn ètò tó máa ń dìde fúnra wọn dúró. Mo tiẹ̀ ṣe defrag, ìyẹn títo àwọn fáìlì orí dísìkì jọ, mọ́jú. Ó yára fún ọjọ́ méjì, ló bá tún padà síbi tó wà. Nínú Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, dísìkì máa ń wà ní 100% nígbà tí mi ò tíì ṣí nǹkan kan; tí mo bá wá ṣí Word pẹ̀lú Chrome, mẹ́mọ́rì náà á sún mọ́ 90%. Ẹnìkan ní kí n tún Windows gbé sórí ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ìyẹn lè pa ohun tó wà lórí ẹ̀ rẹ́, iṣẹ́ oníbàárà tó sì wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Owó ọwọ́ mi ò ká méjèèjì. Láàárín SSD àti RAM 4GB míì, èwo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.