Load flow 330 kV mi kọ̀ jálẹ̀, ẹ gbà mí o

Wáyà_Já:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún àṣekágbá ni mo wà, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni kí n fi kọ̀ǹpútà ya grid 330 kV Nàìjíríà (àwọn wáyà ńlá tó ń gbé iná káàkiri) kí n wo fólítéèjì bus (ibùdó tí àwọn wáyà ti pàdé) kọ̀ọ̀kan, ìyẹn load flow. Owó ETAP àti PSS/E, àwọn software tí wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe tọmọ tálákà, ni mo bá gbé MATPOWER sórí Octave, ọ̀fẹ́ làwọn méjèèjì. Egbin ni slack (ibùdó tó ń dí àlàfo iná tó bá kù), Kainji, Jebba àti Shiroro náà wà níbẹ̀, àmọ́ tí mo bá ti run ẹ̀ báyìí á ní Newton (ọ̀nà ìṣirò tó ń tún ìdáhùn ṣe léraléra) ò converge, ìyẹn ni pé kò rí ìdáhùn, lẹ́yìn iteration 10. Mo sún un dé 100, kàkà kó sàn ńṣe ló ń le sí i. Mọ́ńdè ni supervisor ń retí mi. Ṣé kí n sá lọ sí Gauss-Seidel, ọ̀nà ìṣirò kejì, ni?

Bàbá_Transformer:
Àbúrò, fi Newton sílẹ̀, kò ṣẹ̀ ọ́. Kí lo kọ síbi x (reactance, ìdènà tí wáyà ń ṣe sí iná AC) fún wáyà Jos sí Gombe?

Wáyà_Já:
83 ni sà. 0.33 ohm ní kìlómítà kan, times bíi 250.

Bàbá_Transformer:
Ẹ̀n-ẹ́n, mo mọ̀. Ohm lo kọ, per unit (ìdá nínú ìwọ̀n ìpìlẹ̀) ló ń retí. Tí baseMVA ẹ (agbára ìpìlẹ̀) bá jẹ́ 100, 330 times 330 pín sí ọ̀nà 100 jẹ́ 1089, òun ni kó o fi pín 83 yẹn, á kù bíi 0.076. Wáyà tó o kọ síbẹ̀ yẹn, báwo niná ṣe fẹ́ gbabẹ̀ kọjá? Ṣe r (resistance) náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n b (susceptance, bí wáyà ṣe ń ṣe bíi capacitor) o, òun kì í ṣe pípín, times 1089 ni, ti odidi wáyà ni kó o sì kọ, má gé e sí méjì, MATPOWER á gé e fúnra ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì nirú ẹ̀ fi jẹ èmi níyà, díẹ̀ ló kù kí n ju laptop sódò.

Ìyá_Python:
Ohun tó lé mi lọ sí pandapower, software load flow ti Python, nìyẹn, èyí táwọn ará Kassel àti Fraunhofer ṣe ní Jámánì. Ohm ní kìlómítà kan lo máa kọ síbẹ̀, á ṣe per unit fúnra ẹ̀. Kìkì pé tó bá di capacitance wáyà, nanofarad ló ń fẹ́ o, ẹni tó bá kọ microfarad, ojú ẹ̀ á rí nǹkan.

Wáyà_Já:
Ó ti ṣe é o!!! Iteration 4 péré! Ṣùgbọ́n fólítéèjì Gombe wà ní 1.17 per unit, nítòsí 1 ló sì yẹ kó wà, Maiduguri tún ga jùyẹn lọ, lódù ibẹ̀ sì kéré. Kí ni mo tún bàjẹ́?

Bàbá_Transformer:
O ò ba nǹkan kan jẹ́. Bí wáyà gígùn ṣe ń ṣe nìyẹn tí lódù ò bá tó, wáyà fúnra ẹ̀ ló ń pèsè reactive power (agbára tí kì í ṣiṣẹ́ àmọ́ tó ń gbé fólítéèjì sókè) tí kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé reactor, tó máa jẹ ẹ́, síbẹ̀. Kọ ọ́ síbi Bs (àyè tí MATPOWER fi ń gba reactor tàbí capacitor) ní Gombe, -50 MVAr, kó o má gbàgbé minus yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ capacitor lo gbé síbẹ̀ yẹn.

Wáyà_Já:
1.08 báyìí, ẹ ṣé gan-an sà. Tí supervisor bá ní níbo ni mo ti rí 50 ńkọ́?

Bàbá_Transformer:
Run 30, 40, 50, 75, ya gráàfù ẹ̀ síwájú ẹ̀. Run ẹ̀ lóòótọ́ o.